Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Àwọn tó ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá nílé, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, Àjàṣẹ́ àti Òmù-Àrán, ni a kọ èyí fún. Púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé ní ọsibítù, ohun kékeré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: èékánná tí wọ́n gé jinlẹ̀ jù, òkúta wẹ́wẹ́ nínú bàtà, ìléròrò kan tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó ń dùn wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni à bá ti dènà.

Kí ló dé tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà fi ń fẹ́ àmójútó ju ti ọ̀dọ́ lọ?

Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, ọ̀rá tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ àti lábẹ́ ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́, egungun á wá máa fara kanlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Awọ ara á gbẹ, torí òógùn àti òróró tó ń jáde lára rẹ̀ ti dínkù. Èékánná á le, á nípọn, kò sì ní í yára hù mọ́. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹni tó ní ṣúgà. Ẹ wá fi kún un pé ojú kò ríran dé àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́, ìbàdí kò sì jẹ́ kí àgbà lè tẹ̀ débẹ̀. Ẹlòmíràn ló ní láti máa bá wọn wò ó.

Ṣúgà ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ìrora ló ń jẹ́ kí a tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń pa á lára. Ẹni tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kó má mọ̀. Nítorí náà, bí màmá bá ní "kò dùn mí," ẹ ṣì yẹ ẹ́ wò.

Ta ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, níbo la sì ti lè rí i?

Pódíátírísì ni wọ́n ń pe onímọ̀ tó kọ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ rárá ní Nàìjíríà. Níhìn-ín, àwọn dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà, nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú egbò, oníṣẹ́ abẹ àti àwọn fisiotẹ́rápísì ló pín iṣẹ́ náà ṣe láàárín ara wọn. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, UITH, ni ibi tí ọ̀ràn tó bá le ti ń dé. Fún àyẹ̀wò lásán, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín, ìbáà jẹ́ Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán. Ẹni tó bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ètò náà bá a san nínú rẹ̀.

Ohun kan ṣe pàtàkì: ẹ là á mọ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò. Èrò máa ń pọ̀ ní kíliníìkì ṣúgà, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á kọ oògùn, bàtà kò sì ní í kúrò lẹ́sẹ̀ aláìsàn títí yóò fi padà sílé. Ẹ jẹ́ kí bàbá bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ kó tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin náà á rí i pé wọ́n á wò ó.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń kun èékánná, kì í ṣe ibi ìtọ́jú tí à ń sọ. Ẹni tí kò ní àìsàn kankan lè lọ síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dùn ún wò. Ẹni tó ní ṣúgà tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ sínú ọpọ́n wọn.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe gan-an bí a bá gbé àgbà lọ?

Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀: ìgbà tí ṣúgà bẹ̀rẹ̀, ṣé egbò ti wà níbẹ̀ rí, ṣé wọ́n ti gé ìka kankan rí, oògùn wo ló ń lò, ṣé ẹsẹ̀ máa ń jó tàbí kó máa ta lóru. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo awọ, àárín ọmọ ìka, èékánná, àti bí egungun ṣe tò.

Lórí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, wọ́n á fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kì-kì. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní kókósẹ̀ kí wọ́n sì fi ti apá pín in. Bí ohun tó jáde bá kéré sí 0.9, ó fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ti ń dí. Ara ẹlòmíràn tó ní ṣúgà, iṣan náà á ti le débi pé nọ́ńbà á ga jù, ju 1.3 lọ, èyí náà kò sì dára.

Àyẹ̀wò ìmọ̀lára ló kàn. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe kó lè tẹ̀ bí agbára gíráàmù 10 bá ti wà lórí rẹ̀. Wọ́n á fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ níbi mélòó kan, aláìsàn á pa ojú dé, á sì sọ ìgbà tí ó bá gbọ́ ọ lára. Ibi tí kò bá ti gbọ́, ibẹ̀ ni egbò lè ti dá láìmọ̀.

Ìgbà yìí ni wọ́n tó kan iṣẹ́ ọwọ́. Èékánná tó nípọn, wọ́n á fi ẹ̀mú pàtàkì gé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fi fáìlì bó o fẹ́lẹ́. Awọ tó ti yi lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á fi abẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá fá a kúrò ní ìpele ìpele. Kò yẹ kó dùn, kò sì yẹ kó ṣẹ̀jẹ̀. Awọ yíyi yìí kì í ṣe ìdọ̀tí lásán: lára ẹni tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó máa ń tẹ ẹran abẹ́ rẹ̀ mọ́ egungun títí egbò á fi dá sínú, tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí i lóde. Àmì dúdú tàbí pupa rúsúrúsú láàárín awọ tó yi túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ti wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ àdéhùn bí ẹ bá rí i.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ló yẹ kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò?

Oníṣúgà tí ìmọ̀lára àti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti ń yingin, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bí méjèèjì bá ti bàjẹ́, tàbí ọ̀kan bàjẹ́ tí ìka sì ti wọ́, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹni tó ti ní egbò ẹsẹ̀ rí tàbí tí wọ́n ti gé ìka rẹ̀, oṣù kan sí mẹ́ta, títí ayé, bí egbò náà bá tilẹ̀ ti jinná pátápátá. Ìgbà tó bá ti jinná gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀, ó sì tún máa ń padà wá.

Gígé èékánná ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ máa ń tó fún ọ̀pọ̀ àgbà.

Ǹjẹ́ a lè dán ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wò fúnra wa nílé?

Ẹ lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí màmá dùbúlẹ̀, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó sì pa ojú dé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó fi ìka kan òun lẹ́sẹ̀, kó sọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" nígbà tó bá gbọ́ ọ. Ẹ wá fi orí ìka ìfábẹ̀lá yín kan ṣóńṣó àtàǹpàkò, ìka àárín àti ọmọńdinrín, ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di ibi mẹ́fà. Kó jẹ́ ìfọwọ́kàn fẹ́rẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì péré. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má rìn ín, ẹ má sì fọwọ́ kan ibì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Bí kò bá gbọ́ ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fà, ẹ gbà pé ìmọ̀lára ti ń lọ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò tó péye.

Báwo la ṣe ń gé èékánná ẹsẹ̀ àgbà láìṣe é léṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí kò yẹ kí ẹ gé èékánná rẹ̀ nílé: ẹni tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí èékánná rẹ̀ ti wọnú ẹran, àti ẹni tí tirẹ̀ ti le débi pé kọ́tà kò lè jẹ ẹ́. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni tiwọn wà.

Fún àwọn yòókù, lẹ́yìn ìwẹ̀ ló dára jù, torí èékánná ti rọ̀. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, àfi oníṣúgà, tí fífọ̀ nìkan tó fún. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ tẹ́ tọ́wẹ̀lì sábẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kọ́tà ńlá tí wọ́n ṣe fún èékánná ẹsẹ̀ ni kí ẹ lò. Ti ọwọ́ kéré jù, ó máa ń fa èékánná ya.

Ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ẹ má fi ẹnu kọ́tà kan ṣoṣo ré e kọjá. Kó lọ gbọọrọ, kó má tẹ̀ wọ igun, kí funfun rẹ̀ bíi mìlímítà kan sí méjì sì ṣẹ́kù. Igun tó bá mú, fáìlì ni kí ẹ fi pa á, kó máa lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ibi tí àṣìṣe ti ń wáyé jù ni igun yìí. Bí ẹ bá fi ẹnu kọ́tà wá igun lọ, ṣóńṣó kékeré kan máa ń ṣẹ́kù sínú tí ojú kò rí, bí èékánná bá sì ti ń hù, á máa gún ẹran lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, àtàǹpàkò á wú, á máa ṣọyún, wọ́n á sì ní bàtà ló fà á.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìṣí i wò. Ẹni tó ń lo aspirin tàbí warfarin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bò ó, kí ẹ sì máa wò ó lójoojúmọ́ títí á fi jinná.

Ṣé a lè pe àwọn tó ń fi sísọ́ọ̀sì gé èékánná kiri àdúgbò?

A kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún àgbà. Sísọ́ọ̀sì kan náà ló ń ti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B lè wà láàyè níta ara èèyàn fún ó kéré tán ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò tilẹ̀ rí sì tó láti gbé e. Bí ẹ kò bá rí ẹlòmíràn, ẹ ra irinṣẹ́ tiyín sílé, kí ẹni tó wá gé e fi iyẹn gé e.

Irinṣẹ́ ilé náà nílò ìtọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí kúrò, torí ìdọ̀tí máa ń pa agbára oògùn apakòkòrò. Lẹ́yìn náà, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ogún ìṣẹ́jú, tàbí kí ẹ bu ife kan JIK tó jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sínú ife omi mẹ́fà, kí irinṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dípẹtà. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ.

Èékánná bàbá ti nípọn, ó ti yí bí ìwo àgbò. Kí la lè ṣe?

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: bàtà tó ti ń lù ú láti ọdún pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí kì í dé ibẹ̀ mọ́, tàbí kòkòrò olù (fungus). Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń rún, tí nǹkan bí ẹfun sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó náwó sórí oògùn, torí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra lójú.

Bó bá jẹ́ olù ní tòótọ́, dókítà lè kọ terbinafine 250 mg, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ẹ má rà á lò fúnra yín. Ẹ má sì ro pé èékánná á mọ́ lọ́jọ́ tí oògùn bá tán. Èékánná ẹsẹ̀ ń hù bíi mìlímítà kan ààbọ̀ lóṣù, ti àgbà tún lọ́ra jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó lè tó oṣù méjìlá sí méjìdínlógún kí tuntun tó bo gbogbo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ̀rètí nù ní oṣù kẹrin, nígbà tí oògùn ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Fún bàbá ẹni ọdún 85 tí èékánná náà kò dùn ún, kí wọ́n máa fi fáìlì bó o fẹ́lẹ́ ní oṣù méjì-méjì lè tó fún un. A kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi oògùn oṣù mẹ́ta kún oògùn rẹ̀.

Gìgísẹ̀ màmá máa ń sán gan-an lásìkò ọyẹ́. Kí ló dára?

Òrí dára. Èyí tó wá láti òkè Kwara tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìpàta àti Ọjà Ọba tó, bó bá mọ́ tí kò sì ní iyanrìn. Ṣùgbọ́n òrí kì í fún awọ lómi, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí omi mọ́ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kíkùn ún sórí gìgísẹ̀ gbígbẹ kò fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ fi tọ́wẹ̀lì tẹ omi kúrò, kí ẹ kun òrí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn. Àárọ̀ àti alẹ́. Bó bá le, ẹ béèrè ìpara tó ní urea ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé oògùn. Ẹ má kun ohunkóhun sí àárín ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ tí a fi òrí kùn kò sì gbọdọ̀ tẹ táìsì láìsí ìbọ̀sẹ̀ tàbí bàtà, torí ó máa ń yọ̀.

Ẹ lè fi òkúta ìhasẹ̀ ha á fẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà tí awọ bá rọ̀. Bíléèdì kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́là yíyọ́ tí àwọn kan ń kán sínú ibi tó sán: ó ń jó ẹran, ó sì ń ti ìdọ̀tí mọ́nú. Bí ibi tó sán bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kò yàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di egbò, ọsibítù ló kàn.

Wọ́n ní oje èèpo kóró kajú ń jẹ kókó tó le lórí ìka ẹsẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń jẹ ara tó yí i ká. Kajú pọ̀ lọ́wọ́ wa ní gúúsù Kwara, ẹni tó bá ti fọwọ́ pa kóró rẹ̀ rí mọ bí oje náà ṣe ń bó awọ. Lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò gbọ́ ìrora, ó lè jó dé eegun. Ewu kan náà ló wà nínú pílásítà kókó tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, torí ásíìdì tó ń jẹ awọ wà nínú rẹ̀. Oníṣúgà kò gbọdọ̀ lò ó.

Bàtà ló ń fa kókó. Bí wọ́n bá gé e tí bàtà kò yí padà, á tún hù sí ojú kan náà.

Bàbá ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ṣé omi náà ń pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lára?

Omi kò ní ìṣòro, ọ̀rinrin tó kù sí àárín ọmọ ìka lẹ́yìn rẹ̀ ló ní ìṣòro. Àgbà á la omi kọjá láàárín ìka bó ṣe yẹ, á sì ti ẹsẹ̀ tútù bọ bàtà rọ́bà lọ sí mọ́sáláṣí. Lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, lójoojúmọ́, awọ ibẹ̀ á funfun, á rọ̀, á bó, á máa yún, olù á sì wọlé. Láàárín ìka kẹrin àti ìkarùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló fún jù. Lára oníṣúgà, ojú yìí gan-an ni kòkòrò tó ń wú ẹsẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹ ran aṣọ òwú kékeré kan fún bàbá, kó máa wà nínú àpò rẹ̀, kó máa fi nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àlùwàlá. Kí ẹ máa fọ aṣọ náà lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ àlùfáà kò rí èèwọ̀ nínú nínù ún. Ẹ bi tiyín náà nípa ìrọ̀rùn tí ẹ̀sìn fi sílẹ̀: ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ lórí àlùwàlá lè máa pa ọwọ́ tútù lé e lórí fún ọ̀sán kan àti òru kan nílé, dípò kó máa bọ́ ọ. Aláìsàn tó ní egbò sì ní ìlànà tirẹ̀. Àlùfáà tó mọ ìmọ̀ á ṣàlàyé, dókítà náà á sì sọ tirẹ̀. Kí àwọn méjèèjì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Omi inú bútà tó ti wà nínú oòrùn oṣù kẹta lè gbóná ju bí ẹsẹ̀ tó ti kú ṣe lè mọ̀ lọ. Ìgúnpá ni kí wọ́n fi dán an wò. Ẹ kíyè sí àgbàlá mọ́sáláṣí lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ náà: kankéré tàbí táìsì inú oòrùn ti bó àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbà tí wọn kò mọ̀ títí wọ́n fi délé. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ni kí wọ́n fi rìn láti ẹnu ọ̀nà dé orí ẹní.

Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó, clotrimazole ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lórí awọ tó ti gbẹ. Èyí nìkan la gbà kó dé àárín ìka. Ẹ má dá a dúró ní ọjọ́ tí yíyún bá lọ. Ẹ sá fún àwọn ìpara alápòpọ̀ tó ní steroid nínú: yíyún á dáwọ́ dúró kíákíá, olù á sì máa tàn lọ lábẹ́lẹ̀.

Ṣé màmá lè lé làálì?

Ó lè lé e, bó bá jẹ́ ewé làálì gidi tí kò sí egbò lẹ́sẹ̀. Làálì dúdú tí wọ́n po àwọ̀ irun mọ́ máa ń jó awọ. Ẹ rántí pé làálì lórí èékánná àti àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń bo àwọ̀ tó yẹ kí ẹ rí, nítorí náà, ẹ yẹ ẹsẹ̀ wò dáadáa kó tó lé e.

Irú bàtà wo ni kí a rà?

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, torí ẹsẹ̀ àgbà máa ń wú díẹ̀ láti àárọ̀. Bó bá lè lọ fúnra rẹ̀, kó dìde dúró kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bí kò bá lè lọ, ẹ jẹ́ kó tẹ páálí mọ́lẹ̀ ní ìdúró, kí ẹ fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, kí ẹ gé e, kí ẹ sì mú un lọ sọ́jà. Bí páálí náà bá ká kò nínú bàtà, bàtà kéré nìyẹn, ohun yòówù tí nọ́ńbà ìdí rẹ̀ lè jẹ́. Kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà kan wà níwájú ìka tó gùn jù. Kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má ga ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kó sì ní okùn tàbí ìlẹ̀mọ́ tó di ẹsẹ̀ mú.

Sàlúbàtà tí okùn rẹ̀ gba àárín ìka kò dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ó ń họ àárín ìka, ó sì máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa rìn lọ láìmọ̀. Bàtà òkìríká náà, ẹ ṣọ́ra fún un: inú rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan péré. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ wo ibi tó pọ́n tàbí tó ṣókùnkùn. Bí àmì náà kò bá lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dá a padà. Láràárọ̀, kí wọ́n gbọn bàtà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́.

Bàbá jí, a rí ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ ohun tó ṣe é. Kí ló lè jẹ́?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eku. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n eku máa ń jẹ ẹsẹ̀ oníṣúgà lóru láìjẹ́ pé ó jí. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kúrò nínú òórùn oúnjẹ kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ ki àpò ẹ̀fọn bọ abẹ́ ìbùsùn, kí ẹ sì dẹkùn fún eku.

Ẹsẹ̀ kan wú, ó gbóná, ó pọ́n, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ṣé kí a pe ẹni tó ń to eegun?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ oníṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé egungun àárín ẹsẹ̀ ti ń fọ́ lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń rìn lórí rẹ̀. Wọ́n máa ń pè é ní rírọ́, wọ́n á fi òróró wọ́ ọ, wọ́n á fà á, egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là á wá fọ́ wómúwómú, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì yọ gọ́ngọ́ sísàlẹ̀ títí láé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò: bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ kedere, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́, kí ẹ gbé e lọ fún àwòrán egungun lọ́jọ́ náà.

Bí ojúgun àti iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ló wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì ń dùn, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Ọjọ́ náà ni kó dé ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ́ ọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wú nírọ̀lẹ́ lè wá láti ọkàn, kíndìnrín, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí amlodipine. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má kàn dá oògùn dúró.

A rí egbò lẹ́sẹ̀ màmá tó ní ṣúgà. Kí ni a kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́: ṣíbí kékeré iyọ̀ kan tí a tẹ́ orí rẹ̀ sínú ìdajì lítà omi tó ti hó tó sì ti tutù. Ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bò ó, ẹ má dì í le. Kó má tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, torí gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń tún egbò náà dá. Ẹ dé ọsibítù láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bó bá ń rùn, bí pupa tàbí wíwú rẹ̀ bá ti tàn kọjá sẹ̀ǹtímítà méjì, bí ìka bá dúdú, tàbí ara rẹ̀ gbóná, ẹ máa lọ nísinsìnyí, ìbáà jẹ́ òru.

Ẹ má da ìyẹ̀fun ampiclox sí i, ẹ má fi spirit, GV, eérú tàbí agbo sí i. GV máa ń kun egbò débi pé dókítà kò ní í mọ èyí tó ti kú nínú ẹran. Ìyẹ̀fun kápúsù máa ń dì sókè, ọyún á sì há sábẹ́ rẹ̀.

Àlájà ń lọ Mẹ́kà. Báwo ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ bọ̀ láìfarapa?

Ẹ gé èékánná ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò, torí wọn kò gbọdọ̀ gé e mọ́ bí wọ́n bá ti wọ ìhírámù, ibi tó bá sì gé lára á ti jinná. Ìrìn láàárín Sáfà àti Máríwà nìkan, ìgbà méje, lé ní kìlómítà mẹ́ta. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà tó fẹ́ lò ní oṣù kan ṣáájú, kó sì mú méjì lọ, torí bàtà máa ń sọnù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ilẹ̀ ìta sì máa ń jóni. Obìnrin lè wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ìhírámù, ọkùnrin kò lè wọ̀ ọ́, nítorí náà Àlájì tó ní ṣúgà kó bá dókítà àti àlùfáà sọ̀rọ̀ kó tó gbéra. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú, kó lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn fún tàwáfù, ìyẹn yíyí Káábà ká.

Kí ni kí a mú dání lọ́jọ́ àyẹ̀wò ẹsẹ̀?

Gbogbo oògùn nínú páálí wọn, àti ìwé tí ẹ kọ ṣúgà rẹ̀ sí. Ẹ fọ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kun òrí láàárọ̀ náà, kí wọ́n lè rí bí awọ ṣe gbẹ tó, kí ẹ sì nu ọ̀dà èékánná kúrò. Ẹ kó bàtà tó ń wọ̀ nílé àti èyí tó ń wọ̀ jáde dání, pàápàá èyí tó ti gbó jù, torí ibi tí ìdí rẹ̀ ti jẹ máa ń fi ibi tí ẹsẹ̀ ti ń gba ìnira hàn wọ́n.